Ẹnìkan Kì Í Dá Ohun Àjọní Tà

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ ọdún 2023, yunifásítì márùn-ún ló kéde lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé àwọn ń kúrò nínú Pac-12. Pac-12 yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń dá sílẹ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn díje nínú eré ìdárayá, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́nfáránsì. Láti ọdún 1915 ló ti wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn. Oregon àti Washington gba kọ́nfáránsì Big Ten lọ. Arizona, Arizona State àti Utah gba Big 12 lọ. Colorado ti ṣíwájú wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, USC àti UCLA, tí wọ́n jọ wà ní Los Angeles, sì ti sọ ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2022 pé Big Ten ni àwọn náà ń lọ. Ó ku mẹ́rin. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Stanford àti California ti ìlú Berkeley fi wọ ACC, kọ́nfáránsì tí àwọn ará etíkun kejì orílẹ̀-èdè náà dá sílẹ̀ ní 1953. Ó wá ku méjì péré: Oregon State ní ìlú Corvallis àti Washington State ní ìlú Pullman. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kan àwọn méjèèjì yìí, kò sì sẹ́ni tó sọ pé wọ́n dalẹ̀. Ohun tó fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ni pé ìlú wọn kéré, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò sì rí òǹwòran tó pọ̀ tó níbẹ̀ tí wọ́n lè máa polówó ọjà fún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń béèrè bóyá owó ti ba eré ìdárayá yunifásítì jẹ́. Ìbéèrè yẹn kò jinlẹ̀ tó lójú tèmi, nítorí owó ti wà nínú eré yìí kí tẹlifíṣọ̀n tó dé, ìtara nìkan kọ́ ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn pápá ìṣeré tó ń gba ọ̀kẹ́ mẹ́rin èèyàn. Ìbéèrè tó yẹ ká dojú kọ ni ti ohun-ìní. Ta ló ni ìdíje? Oregon àti Oregon State ti ń pàdé lórí pápá láti ọdún 1894. Bàbá mú ọmọ lọ wò ó, ọmọ dàgbà, ó mú ọmọ tirẹ̀ náà lọ. Ṣé èyí tí ọjà rẹ̀ yá jù nínú àwọn méjèèjì wá lè gbé ìdíje náà tà láìbi èkejì léèrè? Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó jàre. Ẹnìkan kì í dá ní ìdíje. Nígbà tí yunifásítì kan bá fi ipò rẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀ gba owó tẹlifíṣọ̀n, ìpín aládùúgbò wà nínú ohun tó tà, aládùúgbò kò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Ká lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débí, a ní láti padà sí oṣù Kẹfà ọdún 1984. Ṣáájú ìgbà náà, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá ní àwọn yunifásítì, ló ń bá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dúnàá-dúrà lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lórí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ló ti rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn èèyàn bá lè jókòó sílé wo bọ́ọ̀lù, pápá ìṣeré yóò dá páropáro. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1980, òfin wọn kò gbà kí yunifásítì kankan hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ láàárín ọdún méjì. Oklahoma àti Georgia pe àjọ náà lẹ́jọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dá wọn láre, adájọ́ méje sí méjì. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú ẹjọ́ náà tí mi ò lè gbójú fò. Ní ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó lé ní 200 ló gbé ìdíje Oklahoma àti USC jáde, mẹ́rin péré ló sì gbé ti The Citadel àti Appalachian State. Iye owó kan náà ni ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà. Ohun tó ṣòroó gbà gbọ́ ni èyí jẹ́ lójú ilé ẹjọ́. Lójú tèmi, ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó dà á nù. Àwọn tó pín owó náà bákan náà gbà pé gbogbo yunifásítì, ńlá àti kékeré, ló jọ sọ bọ́ọ̀lù yìí di ohun tí odindi orílẹ̀-èdè fẹ́ràn. Mi ò sọ pé NCAA jẹ́ ẹni mímọ́ o. Agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dí àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ láti jẹ nínú òógùn wọn. Ẹjọ́ tí wọ́n pè é nídìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè pé, ta ni yóò máa ṣọ́ ìpín àwọn kékeré?

Adájọ́ John Paul Stevens, tó kọ ìdájọ́ náà, fúnra rẹ̀ gbà pé eré ìdárayá yàtọ̀ sí òwò mìíràn. Ẹni tó ń ta bàtà lè máa tà á lọ bí gbogbo alábàtà yòókù bá tilẹ̀ kógbá sílé. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ kejì tó gbà láti wá, tó gba òfin kan náà, tó gba iye àwọn tí yóò wọ pápá, kò sí ọjà kankan rárá. Nítorí náà, ìdájọ́ tó fún àwọn ńlá láyè láti máa tà fúnra wọn ló tún jẹ́rìí pé ẹnìkan kì í dá ṣe ohun tí wọ́n ń tà. Adájọ́ Byron White kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, Adájọ́ Rehnquist sì tì í lẹ́yìn. White yìí ti jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Colorado nígbà èwe rẹ̀, ó mọ ohun tó ń sọ. Ohun tó wí ni pé ilé ẹjọ́ ń wo yunifásítì bí oníṣòwò tí èrè nìkan jẹ lógún, nígbà tí NCAA ní àwọn ète mìíràn tí a kò lè fi owó wọ̀n. Ogójì ọdún ti kọjá. Owó bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ já wálẹ̀ nítorí ìdíje kún orí tẹlifíṣọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn kọ́nfáránsì sì wá di alágbàtà. Notre Dame dá bá NBC tọwọ́ bọ̀wé ní 1990. Nígbà tó fi máa di 1992, kọ́nfáránsì SEC ti gba Arkansas àti South Carolina wọlé, ó pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ó sì dá ìdíje àṣekágbá sílẹ̀ ní Birmingham. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí àwọn aláṣẹ ń bi ara wọn ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń béèrè ẹni tó sún mọ́ wọn. Báyìí, ẹni tí yóò fi kún owó ni wọ́n ń wá.

Southwest Conference ni kọ́nfáránsì ńlá tó kọ́kọ́ fi ìyípadà yìí kú. Ọdún 1914 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tí Arkansas ti bá SEC lọ, gbogbo àwọn tó kù jẹ́ ará Texas. Ní 1994, Texas, Texas A&M, Texas Tech àti Baylor gbà láti lọ dara pọ̀ mọ́ kọ́nfáránsì Big Eight, àpapọ̀ wọn di Big 12, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje ní 1996. Rice, TCU, SMU àti Houston ló kù sílẹ̀. Ó yẹ kí àwa Yorùbá mọ Houston dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, ti gbá básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù. Ọdún mẹ́ta léra wọn, láti 1982 sí 1984, ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nínú méjì tó kẹ́yìn wọ́n dé àṣekágbá. Kò sí ẹgbẹ́ kan ní Southwest Conference tó gbé orúkọ kọ́nfáránsì náà ga bẹ́ẹ̀ nínú básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù lásìkò yẹn. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo ní 1994, nítorí bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ni tẹlifíṣọ̀n ń sanwó ńlá fún, èrò tó ń wo ti Houston kò sì pọ̀ lákòókò náà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Houston fi ń ti kọ́nfáránsì kan bọ́ sí òmíràn kí Big 12 tó gbà á wọlé ní 2023. Nígbà yẹn, Texas gan-an ti múra láti kó lọ sí SEC.

Nílẹ̀ wa, a mọ bí a ṣe ń bójú tó ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ni. Olórí ẹbí ló ń ṣọ́ ilẹ̀ ẹbí, òun ló ń pín in fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí dáko, kò sì sẹ́ni tó ń bá a du ọlá náà. Ṣùgbọ́n kò lè dá a tà. Bó bá tà á láìgba ohùn àwọn olórí ìsọ̀rí ìdílé, ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé títà náà, bí owó tó gbà tilẹ̀ dára, tó sì ní ohun rere lọ́kàn láti fi ṣe. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣán ilẹ̀ náà ti kú, àwọn tí yóò jogún rẹ̀ kò tíì dé, ó wà lọ́wọ́ tiwa fún ìgbà díẹ̀ ni. Ààrẹ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà lè má lò ju ọdún mélòó kan lọ lórí oyè. Olùdarí eré ìdárayá rẹ̀ lè ti ibẹ̀ lọ sí iṣẹ́ mìíràn kí ọdún méjì tó pé. Àwọn méjèèjì bá ohun tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nílẹ̀, wọ́n sì fi ìdìbò ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo fún un ní ìtumọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ní àṣẹ láti ṣe é lábẹ́ òfin, ìyẹn kò fi hàn pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i.

Àwọn tó gbèjà ìṣípòpadà yìí máa ń kọ́kọ́ sọ pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀: kọ́nfáránsì ti ń dá, ó sì ti ń tú, kí ẹnikẹ́ni tó ra tẹlifíṣọ̀n. Òótọ́ ni. Yunifásítì Chicago wà lára àwọn tó dá Big Ten sílẹ̀ ní 1896, ibẹ̀ sì ni Jay Berwanger, ẹni tó kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ Heisman ní 1935, ti gbá bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, ní 1939, ààrẹ rẹ̀, Robert Maynard Hutchins, mú kí yunifásítì náà pa bọ́ọ̀lù rẹ̀ tì, nígbà tó sì di 1946 ó jáde kúrò nínú kọ́nfáránsì pátápátá. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tó fi lọ. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ni yunifásítì wà fún, ó dáhùn, ó sì gba àdánù tó bá ìdáhùn náà wá. Kò gbé ìdíje tí òun àti àwọn yòókù jọ ní fún ẹlòmíràn kó sì gbowó lórí rẹ̀. Kò sí ìlànà ìwà rere kan tí mo mọ̀ tó ní kí ẹgbẹ́ má ṣe tú láé. Ẹni tí ìgbàgbọ́ tàbí ìlànà rẹ̀ bá yí padà lè dìde kúrò nínú ẹgbẹ́ tó wà. Ti Los Angeles ní 2022 kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀ka eré ìdárayá UCLA ti jẹ gbèsè tó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún mẹ́ta. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn tí òun àti USC kéde, Big Ten tọwọ́ bọ àdéhùn ọlọ́dún méje pẹ̀lú Fox, CBS àti NBC, tí owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù méje dọ́là. Ọjà ìlú Los Angeles wà lára ohun tí wọ́n kó sórí àtẹ.

Àwọn kan yóò fi òwe dáhùn pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní: kí ló dé tí USC yóò fi máa pín owó dọ́gba-dọ́gba pẹ̀lú Washington State, nígbà tó jẹ́ pé orí USC ni òǹwòran pọ̀ sí? Àtakò yìí ló lágbára jù, mi ò sì fẹ́ fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n òwe náà gan-an ló dá mi láre, nítorí Washington State ní nǹkan tó mú wá. Láti 1917 tó ti wọ kọ́nfáránsì náà, ó ti ń mú alátakò wá. Gbogbo ìdíje ló ní ẹni tó pàdánù. Kò sí bí USC ṣe lè di USC bí kò bá sí àwọn tó wọ pápá lòdì sí i lọ́dọọdún, tí wọ́n sì fìdí rẹmi nígbà púpọ̀. Òkìkí ẹni tó ń borí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń pàdánù wà níbẹ̀. Ẹni tó sì ń pàdánù lónìí kì í ṣe aláìníláárí títí láé. Indiana jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó pàdánù ìdíje jù nínú ìtàn bọ́ọ̀lù yìí, àmọ́ ìpín rẹ̀ nínú owó Big Ten kò dín sí ti Ohio State. Ní 2024 ó borí nínú ìdíje mọ́kànlá nínú méjìlá, ó sì wọ ìdíje fún ipò àkọ́kọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Pullman àti Corvallis.

Àtakò mìíràn ni pé àwọn èèyàn ló yàn án: ibi tí ojú wọn wà ni tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀ lé. Ohun tí mo fi lòdì sí èyí ni pé iye ojú tó ń wo nǹkan kò sọ bí ìfẹ́ tó wà lẹ́yìn ojú náà ṣe tó. Pullman jẹ́ ìlú tí olùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 33,000 lọ, pápá ìṣeré Washington State sì gba iye èèyàn tó súnmọ́ ìyẹn. Láti 2003 ni àsíá yunifásítì náà, aláwọ̀ pupa dúdú, ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn àwọn olóòtú ètò College GameDay ti ESPN ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé tí ètò náà bá wáyé, ibi yòówù kó ti wáyé. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ló ń fi àsíá náà ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, ẹni tó bá sún mọ́ ibi ìdíje ọ̀sẹ̀ náà á lọ ọ̀ hún kí ilẹ̀ tó mọ́ láti gbé e sókè. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó sanwó fún wọn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ogún ọdún, tẹlifíṣọ̀n lo ìfẹ́ yẹn láti ṣe ètò rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣírò iye tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan tó, ìfẹ́ náà kò sí nínú ìwé ìṣirò.

Ìwé ìṣirò ọ̀hún kì í sì í pẹ́ yí padà. Nígbà tí Big Ten mú Maryland àti Rutgers wọlé ní 2014, ìlú Washington àti New York ló ń wò. Big Ten ti ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ láti 2007, gbogbo ilé tó ń san owó kébù ní ìpínlẹ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wà ló sì ń san díẹ̀ fún un, yálà wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù tàbí wọn kò wò ó. Maryland fi ACC tó bá wọn dá sílẹ̀ ní 1953 sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í já kébù dànù, wọ́n ń wo nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye ilé tó ń san owó náà sì ń lọ sílẹ̀. Ohun tó mú ìgbéyàwó náà wá ń relé, ọmọ Maryland ṣì ń rìnrìn àjò lọ sí Nebraska. Nísinsìnyí ìṣirò náà ti wọ inú ilé fúnra rẹ̀. Florida State pe ACC, kọ́nfáránsì tirẹ̀, lẹ́jọ́ ní oṣù Kejìlá 2023, Clemson tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n parí ìjà ní 2025, wọ́n gbà pé iye òǹwòran ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò fi máa pín apá tó pọ̀ nínú owó tẹlifíṣọ̀n. Aládùúgbò tó ń jókòó nídìí tábìlì kan náà ti di ẹni tí a ń bá du òǹwòran.

Àwọn mìíràn á ní owó náà ló ń gbọ́ bùkátà àwọn eré tí kò lówó lórí: wíwẹ̀, eré sísá, fọ́líbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin. Ọ̀rọ̀ yìí ní iyì, nítorí bí owó bá wọ́n, àwọn eré yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé. Stanford pàápàá, bó ṣe lówó tó, kéde ní 2020 pé òun yóò pa eré mọ́kànlá tì, kó tó yí ìpinnu náà padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń sanwó ìṣípòpadà náà gan-an. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ń díje lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ nílé. Ọmọbìnrin tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù fún UCLA lè díje lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láàárín sáà ẹ̀kọ́. Bó bá jẹ́ Rutgers ni wọ́n fẹ́ bá ṣe é, yóò fò ní nǹkan bí 4,000 kìlómítà, aago yóò fi wákàtí mẹ́ta yàtọ̀ sí ti ilé, yóò ka ìwé nínú bàálù, yóò padà dé láàárín òru, kíláàsì sì ń dúró dè é. Kò sẹ́ni tó bi í. Bó bá jẹ́ nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe é lóòótọ́, ohun tó rọrùn jù ni kí bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé dá lọ síbi tí owó wà, kí àwọn eré yòókù dúró sí ẹ̀bá ilé. Àwọn yunifásítì náà kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn agbábọ́ọ̀lù tí òógùn wọn ń mú owó náà wá, wọ́n dúró títí di oṣù Kẹfà ọdún 2025 kí ilé ẹjọ́ tó fọwọ́ sí i pé kí yunifásítì máa san owó fún wọn tààrà, tí kò ní ju nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là ó lé díẹ̀ lọ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn ìdájọ́ 1984.

Àtakò tó máa ń kẹ́yìn ni pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Omi ti ń ṣàn, ẹni tó bá dúró á rì. Mi ò gbà. Brigham Young, yunifásítì ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì ní Provo, kì í díje lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú wà lára àwọn ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n fẹ́ràn, síbẹ̀ nígbà tí Big 12 gbà á wọlé, Big 12 ló tún ètò rẹ̀ ṣe. Yunifásítì yìí náà ti ṣí kiri nítorí owó ESPN, kì í ṣe áńgẹ́lì, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ti pinnu pé kò sí lórí àtẹ, kò sì rì. Ní 2013, àwọn yunifásítì Kátólíìkì méje, Georgetown àti Villanova lára wọn, yọwọ́ kúrò nínú ìdàrúdàpọ̀ tí bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé dá sílẹ̀ ní Big East, wọ́n mú orúkọ náà dání, wọ́n sì padà sí básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù láàárín ara wọn. Connecticut padà wá bá wọn ní 2020, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé rẹ̀ kò ní kọ́nfáránsì mọ́ nítorí rẹ̀. Ó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè nínú básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin ní 2023, ó tún gbà á ní 2024.

Mo mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n náà ló tún so Texas àti Texas A&M pọ̀. Ìdíje wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1894, ó dáwọ́ dúró lẹ́yìn 2011 nígbà tí A&M ń lọ sí SEC, ó sì padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 nítorí Texas náà ti débẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ àwọn tó wọ ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ní 2012 ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde láìfojú rí i rí, ìyá tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ kò sì rí ohun tó mọ̀ fi han ọmọ rẹ̀. Ohun tó padà nítorí pé ó bá ìwé àdéhùn mu ṣì wà lọ́wọ́ ìwé àdéhùn. Oregon àti Oregon State, tí ohun tó wà láàárín wọn kò ju nǹkan bí 65 kìlómítà lọ, ṣì pàdé ní 2024, àmọ́ oṣù Kẹsàn-án ni, kì í ṣe ìparí oṣù Kọkànlá tí gbogbo ọdún ti máa ń sún mọ́ ìdíje náà. Oklahoma àti Oklahoma State kò tilẹ̀ pàdé rárá nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ní ọdún náà.

Ohun tí mo ń béèrè fún ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbìmọ̀ kan náà ló ń ṣàkóso UCLA àti California ti Berkeley. Nígbà tí UCLA fẹ́ lọ, ìgbìmọ̀ náà kò dá a dúró, ṣùgbọ́n ó wo ohun tí Berkeley yóò pàdánù, ó sì pàṣẹ ní 2024 pé kí UCLA máa san 10 mílíọ̀nù dọ́là fún un lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta. Iye náà lè pọ̀ tàbí kó kéré. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹni tó láṣẹ lórí méjèèjì gbà pé ẹni tó ń lọ jẹ ẹni tó ń fi sílẹ̀ ní gbèsè. Ní Colfax, ní ìpínlẹ̀ Washington, adájọ́ kan pinnu ní oṣù Kọkànlá 2023 pé Oregon State àti Washington State ni yóò máa ṣàkóso Pac-12, kì í ṣe àwọn mẹ́wàá tó ń lọ, àwọn tó ń lọ sì fi 65 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ fún wọn nígbẹ̀yìn. Ẹjọ́ ni wọ́n fi gbà á o, kò ti ọkàn rere àwọn tó lọ wá. Oregon àti Oregon State jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan náà, owó ìpínlẹ̀ náà ló tọ́ wọn dàgbà; ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà lè ṣe ohun tí àwọn alákòóso California ṣe, kí wọ́n sì ṣe é kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé, dípò ẹ̀yìn rẹ̀. Àdéhùn Big Ten yóò parí ní 2030, wọn yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà lórí èyí tó kàn ṣáájú ìgbà náà. Ó yẹ kí Washington State, Oregon State àti gbogbo àwọn tó wà nípò wọn ní àga nínú yàrá yẹn, nítorí ìpín tiwọn wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ tún tà.